Màmá Ravna Logje, Tí Kò Jẹ́ Kí Àmì Etí Ẹran Wọn Parẹ́

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1981, Màmá Ravna Logje wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé pákó tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Rássejávri, ní ilẹ̀ yìnyín tiwa ní àríwá. Iná gáàsì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, aṣọ tí wọ́n di yìnyín sínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Níwájú wọn ni bíárìnì alùpùpù yìnyín ọkọ wọn wà, tó ti di mọ́ ṣáàfù bí ìgbà tí a rọ àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣáàfù yìí ni ọ̀pá irin tó ń yí bẹ́líìtì tí alùpùpù fi ń wọ́ lórí yìnyín. Bí bíárìnì rẹ̀, ìyẹn irin róbótó tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, kò bá yí, kò síbi tí ọkọ̀ ń lọ.

Agbo àgbọ̀nrín tí a ń sìn fẹ́ gbéra lọ sí etíkun láti lọ bímọ. Bí Màmá kò bá rí ohun gùn tẹ̀lé wọn, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ni yóò kó ẹran wọn mọ́ tirẹ̀, àwọn àti ọmọ méjì yóò sì kó lọ sí ìgboro. Ohun tí wọ́n ń bá jà nínú ilé pákó náà nìyẹn. Kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn lè mọ ìdí tí obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fi kúnlẹ̀ ti irin tútù, ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

A bí Ravna ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1946, nínú àgọ́, lójú ọ̀nà, nígbà tí agbo ń ti etíkun bọ̀ wá sí òkè. Issát Buljo ni bàbá wọn, Gáren sì ni ìyá wọn. Nígbà tí wọ́n hu eyín àkọ́kọ́, bàbá wọn fún wọn ní abo àgbọ̀nrín kan, wọ́n sì fún wọn ní àmì tiwọn, ìyẹn bí a ó ṣe máa fi ọ̀bẹ gé etí ẹran wọn, tí kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Láàárín wa, ẹni tó bá pàdánù àmì etí ẹran rẹ̀ ti di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1953, wọ́n mú wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé, níbi tí wọn kò ti gbà kí wọ́n sọ èdè ìyá wọn. Wọ́n kúrò níbẹ̀ ní 1961. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ wọn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì ń bá ilé ìfìwéránṣẹ́ bọ̀ láti gúúsù, Màmá ń kà á ní ẹ̀gbẹ́ ààrò, wọ́n sì ń dá ìdáhùn padà lásìkò. Wọn kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ kankan pẹ́ nílé. Wọ́n ní ìwé tí a sanwó rẹ̀ tí a kò kà, igi ìdáná olówó iyebíye ni.

Ní ọdún 1968, wọ́n fẹ́ Jovnna Logje, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó mọ ẹran tirẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọlọ́run fi Sunná ta wọ́n lọ́rẹ ní 1970, ó sì fi Áilu tẹ̀lé e ní 1974. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1980, omi dídì orí adágún Rássejávri kò tíì nípọn tó. Jovnna gun alùpùpù rẹ̀ kọjá níbẹ̀, omi sì gbé òun àti ọkọ̀ rẹ̀ mì. Wọ́n rí òkú rẹ̀, wọ́n sì fi okùn fa alùpùpù náà jáde. Gbogbo ìgbà òtútù ni ọkọ̀ náà fi wà nínú ilé pákó, ìpẹtà sì ń jẹ ẹ́ láti inú. Àwọn kan ní kí wọ́n sọ ọ́ nù, pé ọkọ̀ tó gbé olówó rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi kò yẹ ní gígùn. Màmá ní kì í ṣe ọkọ̀ ló pa ọkọ àwọn, omi ni. Owó àtira òmíràn kò sí, ẹ́ńjìnnì sì ti jí lẹ́yìn tí wọ́n tú u tí wọ́n sì fọ̀ ọ́. Ó wá ku bíárìnì méjì, ọ̀kan ní orí ṣáàfù, ọ̀kan ní ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, Bàbá Heaika Logje, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn ni wọ́n gbé òkú àbúrò wọn jáde nínú omi. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ẹran opó, ẹran ẹbí ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n gbé òòlù ńlá wọlé.

"Ìyàwó, o ṣì ń bá irin jà?"

"Irin ló ń bá mi jà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàsán."

"Sún fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá lù ú."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré náà lẹ ní ẹ máa lù ú lọ́jọ́ Àìkú." Màmá na ìka sí ẹnu ṣáàfù náà. "Ẹ wò ó, ńṣe ló fẹ̀ bí olú lọ́jọ́ náà. Àná ni mo fi fáìlì irin rẹ́ ẹ kí bíárìnì lè rí ọ̀nà gbà jáde. Tẹ́ ẹ bá tún lù ú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ṣáàfù míì níhìn-ín títí yìnyín á fi yọ́."

"Ẹ wo ẹnu! Ọkọ̀ òkú lò ń bá wàhálà báyìí o. Gba ìgboro lọ, kí àwọn ọmọ rí ilé tó móoru sùn. Mo lè bá ẹ wo ẹran."

"Ẹ máa bá mi wò ó dáadáa, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa wò ó títí àmì mi ò fi ní sí létí ẹran kankan mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Báyìí ni ti ìyàwó Ovllá ṣe parí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbá báyìí."

Bàbá Heaika fa àpótí kan mọ́ra. Wọ́n jókòó lé orí àpótí, wọ́n gbé òòlù lé orúnkún, wọ́n ń wòran.

Òrùka kan wà tó máa ń fún bíárìnì mọ́ ṣáàfù. Bàbá Heaika ti lu òrùka yìí náà lọ́jọ́ Àìkú sí apá ibi tí ṣáàfù ń yí sí, àṣé ńṣe ni wọ́n ń fún un le sí i. Màmá gbá a jẹ́jẹ́ sí òdìkejì, ó sì tú. Wọ́n wá fi aṣọ oníyìnyín wé ṣáàfù kó lè tutù kó sì sún kì, wọ́n fi iná gáàsì yá bíárìnì kó lè gbóná kó sì fẹ̀. Wọ́n fi púlà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irinṣẹ́ tí a fi ń fa bíárìnì yọ, gbá a mú, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀. Bíárìnì àkọ́kọ́ dún gbì, ó yọ jáde.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Bàbá Heaika wí.

Èkejì kò gbà. Púlà fà á títí, ara bíárìnì náà ya lójijì, àwọn ọmọ irin róbótó inú rẹ̀ sì fọ́n ká ilẹ̀. Òrùka inú rẹ̀ nìkan ló kù lórí ṣáàfù, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, kò sì sí etí kankan mọ́ tí púlà lè dì mú.

Bàbá Heaika dìde. "Ó tán. Ìyàwó, o gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé o ò gbìyànjú."

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀."

Màmá mú ẹ̀rọ tí a fi ń ha irin, èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ojú ọ̀nà ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha òrùka náà ní ìdábùú. Iná ń ta yẹ́yẹ́. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá gba inú òrùka kọjá tó sì kan ṣáàfù, ojú ọgbẹ́ náà ni ṣáàfù yóò ti kán láàárín aginjù. Màmá ń ha, wọ́n ń dúró, wọ́n ń fi èékánná wò ó, wọ́n tún ń ha, títí ibẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ọwọ́ kan kò tó fún èyí tó kù.

"Ẹ bá mi di ṣáàfù yìí mú kó má mì."

Bàbá Heaika wò wọ́n. Wọ́n gbé òòlù ńlá sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì di ṣáàfù mú. Màmá gbé irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ lé ojú ibi tí wọ́n ha, wọ́n fi òòlù kékeré lù ú lẹ́ẹ̀kan. Òrùka dún kẹ́ú, ó là. Wọ́n fi ìka méjì yọ ọ́. Ṣáàfù abẹ́ rẹ̀ ń dán, kò ní àpá kankan.

Ọwọ́ Bàbá Heaika ṣì wà lórí ṣáàfù. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó ń dán náà.

"Tí yìnyín bá le lálẹ́ ọ̀la, a máa gbéra. Wà lẹ́yìn mi nígbà tí a bá ń kọjá odò."

"Ẹ̀yìn yín kọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn ẹran mi ni màá wà."

"Obìnrin yìí!" Bàbá Heaika rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ.

Màmá fi bíárìnì tuntun méjì tí wọ́n ti rà sílẹ̀ sí i, wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n sì tẹ̀lé agbo dé etíkun lọ́dún náà, àwọn ọmọ méjèèjì nínú awọ lórí ọkọ̀ ìfàlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni Bàbá Heaika ń gbé alùpùpù tiwọn wá fún àtúnṣe kí òtútù tó dé. Wọn kò dúpẹ́ rí, ṣùgbọ́n wọn kò gbé òòlù wá mọ́.

Láti 1985, ilé pákó náà di ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn obìnrin Rássejávri. Màmá kì í bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan tún ọkọ̀ ṣe. Ńṣe ni wọ́n ń dúró tì í títí tí onítọ̀hún yóò fi tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bíárìnì tó ṣì dára nù, wọ́n á ní kó gbé e padà sílé kó lọ ronú. Nínú ìsìn Ọlọ́run, wọn kì í pẹ́ dé ilé àdúrà, wọn kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n gbà pé àdúrà tí ènìyàn kò dìde lórí rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́, ìsinmi ni.

Àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù kẹrin, agbo tún fẹ́ gbéra, yìnyín sì tètè ń rọ̀ lọ́dún náà. Sunná jókòó ti ibùsùn, kò lọ.

"Kí lò ń wò lójú mi?" ni Màmá bi í.

"Ìyá, mo fẹ́ dúró tì yín."

"Tí o bá dúró, ṣé màá dìde ni? Inú abo ẹran ti wúwo. Lọ."

"Tẹ́ ẹ bá lọ kí n tó dé ńkọ́?"

"Mo lọ nìyẹn. Ẹ gbé mi síbi tútù, kí ẹ sin mí nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Òkú lè dúró. Ọmọ inú ẹran ò lè dúró." Nígbà tí Sunná dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tún pè é. "Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì."

Sunná bá agbo gbéra. Màmá sùn nínú Olúwa kí agbo tó dé etíkun. Ìdí nìyí tí ìsìnkú yìí fi bọ́ sí oṣù kẹfà. Kì í ṣe pé ẹbí wọn jáfara. Àṣẹ wọn ni.

Wọ́n fi ọmọ méjì sáyé lọ: Sunná, tó ń sin ẹran, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Piera Utsi, àti Áilu, tó ń pẹja. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: Máijá, Duommá, Inggá àti Nigá. Wọ́n sì fi àbúrò wọn ọkùnrin sílẹ̀, Ánot Buljo, àti Bàbá Heaika, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí.

Màmá, gbogbo abo ẹran ló dé etíkun. Wọ́n ti bímọ sórí koríko, a sì ti gé etí àwọn ọmọ wọn bí ẹ ṣe ń gé e. Kò sí ohun tó kù fún yín láti dìde ṣe. Ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Ẹ sùn re o.