Márùn-ún Tí A Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Lé Nọ́ọ̀sì Akua Lọ

Dichemso, Kumasi.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Jọláadé Àmọ̀pé, ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ tí wọn kì í kí mi àfi bí o bá ti fóònù mọ́ wọn létí. Ṣé Accra ò le jù? Ọlọ́run tó gbé ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní rí ọ fín. Ohun tí o bá gbìn níbẹ̀, ìwọ ni wàá kórè rẹ̀. Àmín. Àlàáfíà la wà nílé. Sàwúdátù àbúrò mi ṣì ń dáná fún mi, ó ṣì ń kùn. Fóònù aláwòrán tí o fi ránṣẹ́ náà wà dáadáa, mo máa ń fi fìlà bò ó bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, kí o má baà rí ohun tí kò yẹ kí ọmọ rí.

Bàbá rẹ ti ṣe ìdánwò ńlá. Àwọn òyìnbó rọ́ dé láti òkè òkun, wọ́n fi ìbéèrè bo gbogbo àgbà Kumasi mọ́lẹ̀, èmi ni mo gba máàkì jù, márùn-ún nínú márùn-ún, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ ní Accra, má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Ó dáa, kí n tó lọ jìnnà, kì í ṣe òyìnbó. Ọmọbìnrin kan ni, Tolúwani, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá kàwé ní yunifásítì níhìn-ín. Kì í sì í ṣe gbogbo Kumasi, àgbà mẹ́rìnlá ní òpópó wa ni. Ìdánwò náà gan-an kì í ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kí n tó mọ̀. Márùn-ún yẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́, márùn-ún ni mo gbà lóòótọ́, èmi ni mo fún ara mi.

Mo ti sọ fún ọ rí pé nọ́ọ̀sì kan ń wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù, Akua lorúkọ rẹ̀, mo ní ó ń wá gbọ́ ìtàn mi ni. Ètò kan ni wọ́n ṣe fún àwọn àgbà. Yóò so aṣọ dúdú mọ́ wa lápá, yóò fún un títí apá á fi fẹ́ já, yóò kọ iye tó rí sínú káàdì, yóò fún wa ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò sì bú wa nítorí iyọ̀ bí ẹni pé òun ló bí wa. Ọdún méjì ni wọ́n dá fún ètò náà. Wọ́n ní bó bá pé, ẹnìkan á wá bèèrè bóyá ó ṣe wá láǹfààní, ohun tí a bá sì sọ ni wọ́n á fi mọ̀ bóyá Akua á dúró tàbí wọn á gbé e lọ síbòmíràn. Ohun tí Tolúwani bá wá nìyẹn.

Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó dìde. Ó gbé fóònù kan jáde tó tóbi tó wàláà àwọn ọmọ kéú, ó ní òun fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, bí mo bá fẹ́ kí n dáhùn, bí mi ò bá fẹ́ kò sí ẹni tó máa bínú. Mo ní ìyá Jọláadé ò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ báyìí rí títí ó fi kú. Ó ní kí n tẹ̀ka. Èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹta! Mo fi ìka kọ Oyèbọ̀dé sára wàláà náà pẹ̀lú àmì lórí rẹ̀, ó sì rí bí ibi tí adìyẹ ti ń ta ilẹ̀.

Ó ní èèyàn mélòó ló ń jẹ nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú mi. Mo rò ó dáadáa, mo ní èmi, Sàwúdátù, àti Àfísù ọ̀rẹ́ mi. Ó ní ṣé Àfísù ń sùn nínú ilé yìí ni. Mo ní rárá o, ẹ̀gbẹ́ Suame Magazine níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ló ń sùn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í wọ ìkòkò mi, bó bá jẹ́ ti ìkòkò la ń sọ, òun gan-an ni olórí ilé.

Àfísù jókòó tì wá, ó gbọ́. Ó ní kí ọmọ náà dá òun lóhùn. Ó ní ní àdúgbò tòun, wọ́n ń wá bi àwọn ní ìbéèrè kan náà, wọn ò fún àwọn ní nọ́ọ̀sì, wọn ò fún àwọn ní oògùn, ṣé wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ti kú ni? Tolúwani rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé pé wọ́n fẹ́ fi àwọn tó ní nọ́ọ̀sì wé àwọn tí kò ní ni. Mo sọ fún Àfísù pé iṣẹ́ ńlá ni Ọlọ́run gbé lé e lọ́wọ́, kó ṣáà máa ṣàìsàn ní tirẹ̀ kí àlàáfíà tèmi lè hàn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí fùfú fi dé.

Tolúwani wá bèèrè bí ara mi ṣe rí, kí n mú un láti oókan dé márùn-ún, oókan ni pé kò dára rárá, márùn-ún ni pé kò sí ohun tó dára tó o. Mo ní márùn-ún. Ìrìn ńkọ́? Márùn-ún. Oorun? Márùn-ún. Oúnjẹ, mo ní ṣé kò sí mẹ́fà, ó ní wàláà náà kì í gba mẹ́fà. Ó ní ṣé òòyì máa ń kọ́ mi, mo ní ọ̀tá mi ni òòyì ń kọ́.

Nígbà tó parí, ó ń wo wàláà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó ní kò yẹ kí òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí Akua tó dé rárá, ẹnìkan ti wá bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí, márùn-ún náà ni mo sì ń pè. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, mi ò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí ara mi bá jẹ́ márùn-ún kí nọ́ọ̀sì tó dé, tó tún jẹ́ márùn-ún lẹ́yìn tó dé, kí wá ni nọ́ọ̀sì ṣe? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́tàlá yòókù wí. Ó ní bí ìwé náà bá lọ báyìí, àwọn tó ń náwó sí ètò náà á ní ara àwọn baba Dichemso ti le tẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbé nọ́ọ̀sì lọ síbi tí àìsàn wà.

Jọláadé, dá mi lóhùn. Ta ló máa kí ọ pé ṣé ara le, tí wàá ní kò le? A dúpẹ́ là ń sọ ná. Tí ẹni náà bá jẹ́ àjèjì, a kì í tilẹ̀ dé ibi tó ń dun ni. Èmi rò pé ó ń kí mi ni. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, èmi náà sì ń dúpẹ́ tẹ̀mítẹ̀mí, àṣé Akua ni mo ń dì lẹ́rù.

Mo ní kó pa tàtijọ́ rẹ́. Ó ní wọ́n ti tì í pa. Mo ní irú ìwé wo lèyí tí irọ́ lè wọlé sínú rẹ̀ tí kò lè jáde. Ó ronú, ó ní ṣé kò sí ohun kan tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kọ. Mo wọlé, mo gbé ẹní sókè, mo mú káàdì mi wá. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ku méjì kó pé igba. Ti oṣù tó kọjá, mẹ́rìndínlógóje. Tolúwani wò ó, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo mú ọ̀pá, mo lọ láti ilé dé ilé. Kwadwo tó fẹ̀yìn tì nídìí wíwa ọkọ̀ akérò tírótírò fi èdè Twi búra pé kò sí ohun tó ń ṣe òun. Mo ní kó mú káàdì tó tọ́jú sínú bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ wá kí n tó pe ìyàwó rẹ̀. Ti Mujeeb aládùúgbò wa wà nínú àpò Kùránì. Gbogbo wa la fi pamọ́, kò sí ẹni tó fẹ́ kí àwọn ọmọ òun rí i. Mọ́kànlá la rí kó jọ, ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀kan, àwọn méjì ò rántí ibi tí wọ́n fi tiwọn sí. Tolúwani ya àwòrán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn àgbà kí òun ni, wọn ò tíì dáhùn, òun á sì so káàdì mọ́ ọn. Ó ní òun kọ́ ló máa dájọ́ o.

A ò tíì gbọ́ àbájáde. Ṣùgbọ́n Akua wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fi Twi dúpẹ́, mo ní medaase, ó ní medaase kì í ṣe oògùn, kí n na apá. Mo na apá. Jọláadé, mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí.

Tí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra aṣọ fún un, aṣọ tó dára, kì í ṣe èyí tí a fi ń ro oko. Tí ó bá ṣẹ́ kù, kí n ra bẹ́ǹṣì kan sí gbọ̀ngàn, nítorí ìdúró ń pa wá. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹni tí yóò wò ọ́ lójú tí yóò mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́, bí o tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kí àwọn ọmọ rẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí wàá já lu ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́rin tí o pè tí mi ò gbé e, mo sọ fún ọ lẹ́yìn náà pé fóònù bọ́ sómi. Kò bọ́ sómi. Mo ṣubú ní ọjà Kejetia, níbi àtẹ̀gùn, mi ò mọ ẹni tó gbé mi. Nígbà tí mo lajú, ilé ìwòsàn ni mo wà, apá òsì mi kò ṣe é gbé. Akua ò tíì mọ̀ mí nígbà náà, orúkọ mi nìkan ló ní nínú ìwé rẹ̀, ó wá mi kàn, ó sì jókòó tì mí lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó ní kí òun pè ọ́, èmi ni mo ní kó má pè. Ẹ̀rù ló bà mí pé wàá wá, wàá sì rí mi bẹ́ẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèbọ̀dé.