Ẹni Tó Ń Ka Ìlà Ikú fún Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Òṣogbo ni mo wà báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ewì èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí ẹ̀yin náà ṣe n'Íléṣà títí ẹ fi lọ. Ẹ̀yin lẹ ṣe é bí ẹni ń jẹ̀kọ, tó fi wu èmi náà. Kì í ṣe ẹ̀kọ o, Bàbá!

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Ràfíátù. Háà, ọmọ náà mọ̀wé! Bí mo bá kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tuntun láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán á ti lò ó fún ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n há ewì kan sórí, níbi tí òkú ti ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú sàréè. Ràfíátù délé, ó ń fọ abọ́, ó ń ké e sókè pé òun ti kú, kí wọ́n má sunkún òun mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Alhaji tó ń ta táyà ní Old Garage, gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa. Kò pariwo. Ó ní ọmọ òun ò kọ́ ewì mọ́, kí n mú un lọ sí kíláàsì Kọ́máàsì. Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú? Ó ti sin ẹ̀gbọ́n Ràfíátù rí, ẹ̀rù ló ń bà á, mo rí i lójú rẹ̀.

Inú fẹ́ bí mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ewì lásán ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí yín níwájú pátákó. Ṣé ẹ rántí pé Sà ni èmi ọmọ bíbí yín ń pè yín níbẹ̀? Ẹ kì í jẹ́ ká ṣí ìwé atúmọ̀ èdè àfi bí oníkálukú bá ti fi orí ara rẹ̀ rò ó. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ ó fi ara ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kéèyàn máa wọ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ wọ́sẹ̀ láti pátákó dé ẹnu ilẹ̀kùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara wa. Ṣùgbọ́n bí ewì bá ti dé ibi tí akéwì ń pe ikú sórí ara rẹ̀, ẹ ó gbàwé lọ́wọ́ ọmọ tó ń kà, ẹ ó ka ìlà yẹn fúnra yín, ẹ ó wá dá ìwé padà fún un. Ẹ ò ṣàlàyé rí. Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni? Àbí ẹ gbà pé àgbàlagbà ló yẹ kó fi ẹnu gbà á fún ọmọdé? Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Mo bẹ Alhaji kó wọlé wá jókòó sẹ́yìn. Ràfíátù dìde, ó ń kà. Bó ṣe dé ìlà yẹn, mo gbàwé, mo kà á ketekete, mo dá a padà. Gbogbo kíláàsì hó: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ma! Mo rẹ́rìn-ín. Ràfíátù wá ka ìyókù débi pé àwọn ọmọ kíláàsì kejì kún ojú fèrèsé wa.

Alhaji dìde. Ó ní ọmọ òun lè dúró. Ó tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ òṣómàáló ni mí lóòótọ́, Ìjẹ̀ṣà tí kì í gbéra nílẹ̀ láìgba ohun tó wá gbà. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ibo ni wọ́n wà?

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ níwájú gbogbo ọmọ pé mo ti kú, ohùn mi ò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi Yorùbá sọ tiyín. Mo ní ẹ wà n'Íléṣà.

Ó ní bí mo bá délé, kí n bá òun kí yín, kí n sọ pé òun dúpẹ́. Mo ní màá jíṣẹ́.

Alhaji kí yín o, Bàbá mi.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.