Ẹ̀dọ̀ Màlúù Ni Màmá Sin, Kì Í Ṣe Ibi Ọmọ Mi

Ẹ̀dọ̀ màlúù ni màmá ọkọ mi sin sí garden ẹ̀yìn ilé wa. Èmi ni mo fi lé wọn lọ́wọ́, èmi náà ni mo ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n gbà lé e lórí... Ẹ má tíì bú mi o, ẹ jẹ́ n tú u jáde ná, torí láti ìjẹta ni ara mi ti ń rí mi lára.

Apá Valence ní Dagenham, ní London níbí, la ń gbé, èmi, ọkọ mi àti Màmá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, kẹ́míkà ta sí ọkọ mi lójú ní warehouse kan ní Dagenham Dock. Ojú yẹn wú, ó pọ́n, ó ń ṣomi, a rò pé ó ti fọ́ nìyẹn. Àwọn dókítà wá mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ibi ọmọ, tó máa ń yí ọmọ po nínú oyún, tí ìyá ọlọ́mọ kan fi tọrẹ, wọ́n rán an mọ́ ojú ọ̀hún, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jinná lábẹ́ ẹ̀. Regenerative medicine ni wọ́n pè é, pé kì í ṣe kí wọ́n kàn fi oògùn pa ìrora, ibi tó bàjẹ́ gan-an ni wọ́n fẹ́ kó tún ara ẹ̀ hù padà. Wọ́n ní wọ́n ń fi irú ẹ̀ wo egbò iná náà, wọ́n ṣì ń ṣèwádìí bóyá ó máa ṣeé ṣe fún ọkàn àti orúnkún, àmọ́ ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wá pé gbogbo ẹ̀ ti ṣeé ṣe. Ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ìyá òun láéláé, pé wọ́n á ní òun ń gbé ibi ọmọ ọlọ́mọ kiri lójú.

Nígbà tí wọ́n wá fún mi ní ọjọ́ C-section, tí wọ́n bi mí bóyá màá fi ibi ọmọ tèmi tọrẹ, sharp sharp ni mo sign. Ṣé kí n ní rárá ni? Ojú tí ọkọ mi fi ń rí ọmọ wa, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló fún un. Àmọ́ Màmá, Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé, ti ń bèèrè tipẹ́ pé ta ló máa gba ekejì ọmọ wálé, àwọn làwọn sin ti gbogbo ọmọ àwọn. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí àbúrò mi ra ẹ̀dọ̀ màlúù ní ọjà Barking, kó fi sínú ike ice cream. Ẹ̀dọ̀ tí à ń fi ata dín! Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n kọrin, wọ́n sin ín.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Màmá lọ sá aṣọ, ni mo gbọ́ igbe. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti hú u! Ó ti jẹ ìdajì, ìyókù wà lórí koríko, yanrìn, itọ́, ìdin... òórùn yẹn, Jésù! Ṣé Màmá dà á nù? Kí ló jọ ọ́! Inú sink tí mo ti ń fọ ike tí ọmọ fi ń mu wàrà ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n fi nylon wé e, wọ́n sì tì í sínú freezer lẹ́gbẹ̀ẹ́ wàrà tí mo fún pamọ́ fún ọmọ. Mo bì. Mo tún bì. Gbogbo ohun tó wà nínú freezer yẹn ni mo ti dà nù àfi òun. Àmọ́ ẹni tó ń rí mi lára jù báyìí, èmi fúnra mi ni.

Torí Màmá ní àwọn ò gbẹ́ ihò yẹn jìn tó, ọwọ́ àwọn làwọn fi ba ayé ọmọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ àrùn àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra o! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, omi díẹ̀ nírọ̀lẹ́ nìkan, wọn ò lo oògùn, òní lọ pé ọjọ́ mẹ́ta. Òòyì ti ń kọ́ wọn. Wọ́n ń kúnlẹ̀ ti ibùsùn ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó foríji àwọn... ìyá àádọ́rin ọdún! Ọkọ mi, tó mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni, ní kí n panu mọ́, ó máa rọlẹ̀. Ṣé ó máa rọlẹ̀ lóòótọ́? Tí mo bá sọ pé ẹ̀dọ̀ ni, ṣé wọn ò ní bi mí pé ibi ọmọ gan-an dà, àti pé kí ló dé tí mo fi tọrẹ?

Àwọn àgbà ìjọ ń bọ̀ láago mẹ́rin òní láti tún un sin. Màmá ti gbé e jáde kó lè yọ́, ó ń kán tótó sórí tábìlì ìjẹun wa. Wọ́n ní èmi ìyá ọmọ ni màá fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ sí ihò, màá sì sọ létí gbogbo wọn pé inú mi ló ti jáde. Inú ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀yin ará ilé, ṣé kí n gbé e ni, àbí kí n la ẹnu mi, kí ojú ọkọ mi di ọ̀rọ̀ ìjọ? Tí mo bá sọ ọ́, ṣé Màmá á jẹun lónìí... àbí wọn ò ní jẹun lọ́wọ́ mi mọ́ láyé?