Ẹni Kejì Nídìí Òfì

Jemimah, Àbẹ̀ní mi,

Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ilẹ̀ Íńdíà ti ń bá ọ lára mu? Bá mi kí ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ híhun àti àwọn ará ilé rẹ. Mo ní wọ́n kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ ti lọ sílẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ṣàngó, àmọ́ iyọ̀ tí mo dín nínú ọbẹ̀ ṣì ń bí i nínú.

Aṣọ ṣẹ́dà tí o ní o hun, tí o fi ránṣẹ́, ti dé. Mo gbé e lọ fún ìyá àgbà ní Adó-Odò. O mọ̀ wọ́n, ahunṣọ àtijọ́: wọ́n fa ibi tí etí aṣọ ti so mọ́ àárín rẹ̀ títí, kò já. Wọ́n ní, "Ẹni tó hun èyí ò dá a hun."

Ni mo bá tún lẹ́tà rẹ kà. O ní ní Kánṣípúrámù, ìlú tí o wà yẹn, èèyàn méjì ló ń jókòó nídìí òfì kan. O ní Bàngálò ni òwú ṣẹ́dà ti ń wá, Súràtì ni òwú wúrà ti ń wá, síbẹ̀ aṣọ Kánṣípúrámù ni gbogbo ìyàwó ń pè é. O ròyìn tẹ́ńpìlì, o ròyìn aláró, àmọ́ o ò dárúkọ ẹni tí ẹ jọ ń hun. Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í dákẹ́!

Ta ni? Tó bá jẹ́ ọmọlúàbí, sọ fún un pé bí òwú Bàngálò bá lè di aṣọ Kánṣípúrámù, ọmọ Kánṣípúrámù lè di ọmọ Ọ̀tà wa níbí.

Ohun tí ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì bá so pọ̀ ò ní já o. Fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Bàbá rẹ ní kí n má bèèrè, àmọ́ òun ló dúró lẹ́yìn mi yìí, tó ń yọjú wò bóyá mo ti kọ ọ́.

Ìyá rẹ,
Ìbídùn