Aró Yàrá Òkè

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Iṣẹ́ tuntun. Ilé àlejò alájà méjì. Tọkọtaya ló ni ín, wọ́n fẹ́ ìkànnì ayélujára tí èrò á ti máa gba yàrá sílẹ̀. Màmá tó nilé ló pè mí. Ohùn wọn rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn le. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo làwọn ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí àwọ̀ ìkànnì náà bá ilé àwọn mu. Mo ní ìyẹn ò nira. Ẹnu mi yìí!

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo fi àwọ̀ igi àti kírímù ránṣẹ́ — àwọ̀ ìsinmi. Wọ́n ní rárá. Àwọ̀ ewé. Rárá. Pupa tó ṣú díẹ̀, kí ojú alárìnrìn-àjò lè tètè rí bọ́tìnì. "Ọmọ mi, ṣé ilé àlejò lò ń ṣe àbí ilé panápaná?" Mo rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi. Àbúrò mi, tó máa ń yọjú wo iṣẹ́ mi bíi pé òun ni ọ̀gá, ní kí n kúkú lọ wo ilé náà fúnra mi. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n dání.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo lọ. Ilé tó mọ́ débi pé ẹ̀rù ń bani láti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ìsàlẹ̀, òkè, gbogbo ògiri kírímù. Màmá ń júwe yàrá. Ọkọ wọn ń tẹ̀ lé wa, wọ́n ń paná bí a ti ń jáde. Yàtọ̀ sí "káàbọ̀", mi ò gbọ́ ohùn wọn. Mo ti sọ wọ́n ní Bàbá Dákẹ́.

Nǹkan kan wà níbẹ̀. Màmá kọjú sí mi: "Sọ fún wọn kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ wá." Bàbá sì rèé, èjìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá tó kángun lókè ni. Wọn kì í fi í fún àlejò. Bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, fèrèsé tó kọjú sí òpópónà. Ògiri kírímù bíi ti yòókù. Mo ya fọ́tò gbogbo yàrá, mo wá sílé.

Àìkú, 9

Nínú fọ́tò, ògiri yàrá òkè yẹn, aró ni.

Òun nìkan. Aró tó jinlẹ̀, bí ojú ọ̀run kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo ní kámẹ́rà ló ṣìnà. Àbúrò ní tó bá jẹ́ kámẹ́rà ni, bẹ́ẹ̀dì funfun náà ì bá ti di aró. Mo ní kó lọ wá nǹkan ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo padà lọ, mo gba fóònù Àbúrò dání. Ojú mi: kírímù. Fóònù mi: aró. Fóònù Àbúrò: aró. Mo tẹ́ ọwọ́ lé ògiri, mo ya ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi rèé, kedere, ó dúdú bó ṣe dúdú — aró yí i ká. Màmá ní kí ló dé tójú mi rí báyìí. Mo ní àtẹ̀gùn tí mo gùn ló rẹ̀ mí.

Ọjọ́rú, 12

Mo ṣe ohun tí mi ò rò délẹ̀. Mo fa àwọ̀ yẹn jáde látinú fọ́tò, mo fi ṣe orí ìkànnì àti bọ́tìnì rẹ̀, mo fi kírímù ṣe ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Wọ́n bára mu bí ọmọ ìyá. Mo fi ránṣẹ́ kí ọkàn mi tó yí padà.

Ọjọ́bọ̀, 13

Kò sí èsì.

Ẹtì, 14

Màmá wá sílé mi. Wọn ò jókòó. "Ta ló fi àwọ̀ yìí hàn ẹ́?" Mo gbé fọ́tò síwájú wọn. Ìgbà náà ni wọ́n jókòó — sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun taṣọ òde.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọkùnrin. Òun ló ni yàrá yẹn. Màmá rìnrìn àjò lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn. Ọmọ pè: "Màmá, mo ti kun yàrá mi o. Aró. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ò ní dá a mọ̀." Kí wọ́n tó dé, ọkọ̀ ti gbá a, lójú òpópónà iwájú ilé gan-an. Wọ́n wọ yàrá: kírímù. Bàbá ní ọmọ náà ò kun nǹkan kan. Màmá ò gbà. Wọ́n ní Bàbá ló bo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀ kí ojú òun má bàa máa rí i. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti kú láàárín wọn.

Gbogbo àwọ̀ tí mo ń fi ránṣẹ́, aró ọmọ wọn ni Màmá ń wá nínú ẹ̀. Wọn ò lè júwe ẹ̀ fún mi, torí wọn ò rí i rí. "Wọ́n bò ó," Màmá wí, wọ́n ń fọwọ́ pa ojú fóònù mi. "Aró náà ò gbà."

Ọjọ́ Ajé, 17

Màmá ní ká ha ògiri. Àwọn fúnra wọn ló mú ọ̀bẹ. Ẹ̀yìn tábìlì: kírímù, funfun lábẹ́ ẹ̀, sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: kírímù, funfun, sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ń ha, wọ́n ń ha. Kò sí aró. Kò sí i rí. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá, tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀, jáde lọ. Wọ́n padà pẹ̀lú agolo ọ̀dà kan, ìdérí ẹ̀ ti dípẹtà mọ́ ọn.

Wọ́n kọjú sí Màmá: "Ọmọ wa ló rà á. Ó ní ká jọ kùn ún ní Àbámẹ́ta. Ó sọ fún ẹ pé òun ti kùn ún torí ó dá a lójú pé a máa parí kó o tó dé. Ẹtì ni ọkọ̀ gbá a. Mi ò lè ṣí i, mi ò lè jù ú nù. O sì ti dá mi lẹ́bi kí n tó rẹ́nu là."

Màmá kúnlẹ̀. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹkún àgbà kì í ṣe ìran wíwò.

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, Bàbá fi ìdí síbí já ìdérí. Aró yẹn náà ni. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ — kò fi ibì kankan yàtọ̀.

Tọ́wọ́ kankan ò bá kùn ún, kí ni fóònù ń rí? Mi ò bèèrè. Kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

A kùn ún. Àwa mẹ́ta. Bó ti pẹ́ tó yẹn, ọ̀dà náà ṣì ń ṣàn bíi tuntun. Màmá ń pàṣẹ: "Ẹ ti fo ibẹ̀ yẹn. Bàbá, ẹ ti fò ó!" Bàbá ní ojú ń dun àwọn ni, kì í ṣe pé àwọn fọ́jú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fojú mi rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dà ò tó. Igun òkè fèrèsé ṣẹ́kù, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Mo ní kí n lọ wá èyí tó jọ ọ́. Bàbá ní rárá, ibi tí ọ̀dà ọmọ àwọn mọ nìyẹn. Mo ya fọ́tò fún ìkànnì, a kí ara wa pé ó dàbọ̀.

Àìkú, 23

Mo ṣí fọ́tò àná. Ògiri ti kún. Igun òkè fèrèsé, aró ni. Mo fà á tóbi. Ipa búrọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀ — tiwa lọ sókè-sódò, ti igun yẹn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo pe Màmá. Mo ní ṣé ẹ ra ọ̀dà kún un ni? Wọ́n ní rárá o, àwọn dúró nínú yàrá báyìí, kírímù rèé tó ń wo àwọn. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ní kí n dúró.

Mo gbọ́ ìró àkàbà. Mo gbọ́ Màmá: "Ẹ rọra."

Bàbá padà sórí fóònù. Ohùn wọn kéré bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnì kan. Wọ́n ní, "Kírímù lojú mi ń rí. Àmọ́ mo fọwọ́ kàn án. Aró ló wà lọ́wọ́ mi. Kò tíì gbẹ."