Ọmọ Mi Kàn Fẹ́ Gbé Mi Dìde Ni

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ohùn dídùn, ṣé àlàáfíà nilé wà? Ọlọ́pàá ti fọ́ ilẹ̀kùn wa o! Ìkíni tó kù, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, èmi ò mọ̀wé, ẹnu nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lò.

Ìlú tí ọmọ mi mú mi wá yìí, àràárọ̀ ni mò ń ṣàdúrà fún ìjọba wọn, torí wọ́n ní wọn kì í na aláìṣẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe já wọlé tìbọn-tìbọn, ẹni tó ń gbé àjà òkè wa ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mira. Èmi kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Ọmọ wo ló máa wo ìyá ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọdé? Ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé mi dìde. Wọ́n la kóńdó mọ́ ọn lẹ́nu, eyín ẹ̀ fò sáṣọ mi. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀ títí ó fi tọ̀ sára.

Wọ́n wá ní àṣìṣe ni. Àṣìṣe tó wọ bàtà!

Ẹnu ọmọ mi ò ṣe é là, ó ń fọwọ́ júwe pé kí n dákẹ́, kí wọ́n má baà lé wa kúrò nílùú wọn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dákẹ́?

Ìwọ, kà á kí n gbọ́. Má fo ibi tí wọ́n ti lu bàbá ẹ o. Kà á sókè.