Lìádì Oníkọ́kọ́rọ́, Ẹni Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Ó Kọ́ Ọmọ Níṣẹ́

Ọjọ́ ọdún Iléyá, ọdún 1962, ni a bí olóògbé Lìádì Yésúfù ní Abúlé Olókùúta, lẹ́yìn Erunmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá. Ọjọ́ tí wọ́n wáyé ló fún wọn lórúkọ. Bàbá wọn ni Alfa Yésúfù, àgbẹ̀ kòkó àti obì. Ìyá wọn ni Ràfátù, tí ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ dúdú lọ́jà Erunmu. Bàbá bàbá wọn, Fákọ́ládé, ni alágbẹ̀dẹ tó rọ ọkọ́ tí ọ̀pọ̀ bàbá yín fi kọ ebè. A kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àjèjì ni a sin sí Olókùúta. Ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n.

Wọ́n ké kéwú, wọ́n sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Erunmu. Wọ́n jáde ilé ìwé mọ́dà ní ọdún 1978. Alfa ni bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n dà. Ní ọdún yẹn gan-an ni àgádágodo yàrá tí bàbá ń kó kòkó sí dì, tí kọ́kọ́rọ́ kò yí nínú rẹ̀ mọ́. Bàbá ti gbé àáké. Ọkùnrin kan tó wá kí àna rẹ̀ lábúlé, Bàbá Ẹkúndayọ̀, oníkọ́kọ́rọ́ ará Ìbàdàn, ló ní kí wọ́n dúró. Ó jókòó sílẹ̀, ó dẹtí sí i bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, ó sì ṣí i láìfọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni olóògbé kò ti gbádùn iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀ yìí kò rí ilé ìwé kan pàtó tí yóò lọ. Olóògbé fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ọ̀nà náà. Wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀. Níbẹ̀, iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń kọ́ni. Ọ̀rọ̀ àgádágodo kò ju bí a ṣe ń kan án mọ́ ilẹ̀kùn lọ. Síbẹ̀ wọ́n máa ń sọ pé àwọn kò fi àkókò ṣòfò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan, bí a ṣe ń ka àwòrán iṣẹ́, àti bí a ṣe ń di fáìlì mú kí ọwọ́ má gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí tán ni wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ẹkúndayọ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́.

Fífá kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó kúrò nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni títú àgádágodo àtijọ́, fífọ̀ ọ́, títò ó padà pẹ̀lú ojú dídì. Ẹ̀kọ́ tó gbẹ̀yìn ni ṣíṣí ilẹ̀kùn láìsí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá kì í kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ tí yóò gba ìyọ̀ǹda iṣẹ́ rẹ̀. Òbí rẹ̀ yóò wá, ọmọ náà yóò sì búra pé òun kò ní ṣí ilẹ̀kùn kankan láé bí onílé tàbí ẹbí onílé kò bá dúró níbẹ̀, àti ẹlẹ́rìí kan pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 1985 ni olóògbé búra ti wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn, Roheem, bá wọn dé ibẹ̀, nítorí bàbá wọn ti darúgbó.

Wọ́n fẹ́ Fàtímọ̀, ọmọ Erunmu, ní ọdún 1989. Wọ́n kọ́lé sí Olókùúta, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé náà. Kò sí ibi tí wọn kì í pè wọ́n dé, láti Adégbayì títí dé Ajíbọ́dè ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú yàrá lójoojúmọ́. Nígbà tí mọ́tò tó ń lo kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀, àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n tún lọ jókòó sí kíláàsì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ni ní ìyẹn. Wọn kò tijú.

Ládáànì mọ́sálásí Olókùúta ni wọ́n fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àwọn ni wọ́n ń pèrun, àwọn ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ọwọ́ wọn sì ni kọ́kọ́rọ́ mọ́sálásí wà.

Ní ọdún 2012 ni wọ́n tẹ́ bẹ́ǹṣì sí yàrá kan nínú ilé wọn, kí àwọn ọmọ abúlé lè kọ́ṣẹ́ láìlọ sí Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ parí ilé ìwé girama, kí ó tó wá kọ́ṣẹ́, kí ó sì ṣe ìdánwò ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà, Sanmí àti Muhsinah ló kù tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ní ọdún 2016, nígbà tí olè já ṣọ́ọ̀bù kan lábúlé.

Àwọn onílé pe ìpàdé sí ojúde mọ́sálásí. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwàdà: “Lìádì, kọ́kọ́rọ́ ilé tèmi ńkọ́, àbí ó ti wà lápò rẹ?”

Olóògbé dáhùn pé: “Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ ló ń fi orí ti ilẹ̀kùn yín wọlé. Kí ni n ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni kò jẹ́ kí onílé yẹn dárí jì wọ́n. Ó dìde, ó ní, “Ẹni tó ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn onílẹ̀kùn, olè ló ń kọ́ ọ.”

Olóògbé gbé àgádágodo ṣọ́ọ̀bù náà sókè. “Ẹ wò ó. Ọ̀pá irin ni wọ́n fi já a. Ọmọ tí mo kọ́ kì í já nǹkan.” Kò sẹ́ni tó nawọ́ gbà á wò. Wọ́n fẹnu kò pé kí ẹ̀kọ́ náà dáwọ́ dúró. Bàbá Sanmí wà lára wọn; òun fúnra rẹ̀ ló wá mú ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí bẹ́ǹṣì. Muhsinah lọ parí lọ́dọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ mìíràn ní Adégbayì, tí òun náà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Bàbá Ẹkúndayọ̀, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Sanmí ra ọ̀kadà. Yàrá ẹ̀kọ́ di ibi tí a ń kó ẹ̀gẹ́ sí.

Olóògbé gbọ́ràn sí abúlé lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ kan ní Olókùúta bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò orí fóònù kọ́ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò sì pèpàdé lé wọn lórí. Ohun tí olóògbé sọ nìyí: “Fídíò á fi ọwọ́ hàn ọ́. Kò ní bi ọ́ pé ilé ta ni.”

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 2025, a kò gbọ́ ìpèrun àsùbáà ní Olókùúta. Fàtímọ̀ wà ní Ajíbọ́dè lọ́dọ̀ ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn tó dé mọ́sálásí bá a ní títì. Wọ́n ní oorun ló gbé ládáànì lọ. Wọ́n kírun lóde, wọ́n sì lọ sílé. Oòrùn ti yọ kí ẹnì kan tó lọ kan ilẹ̀kùn ládáànì.

Wọ́n gbọ́ ìkérora nínú ilé. Ilẹ̀kùn irin ni, olóògbé fúnra wọn ló gbé e kọ́, wọ́n sì ti tì í láti inú. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Nígbà tí Roheem dé, ó pe àbúrò rẹ̀. Olóògbé fi ọwọ́ lu ilẹ̀ dáhùn. Iná kò sí tí ajórinmọ́rin yóò fi gé e. Bàbá Sanmí lo ọ̀pá irin títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Sanmí kúnlẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn, ó ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó gbìyànjú, ó tún gbìyànjú. Ó kọjú sí bàbá rẹ̀, ó ní, “Ibí gan-an lẹ ti mú mi kúrò, Bàbá. Wọn ò tíì kọ́ mi débẹ̀.”

Adégbayì ni a ti pe Muhsinah. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tẹkúntẹkún, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, kò fọwọ́ kàn án. “Ọ̀gá mi ni onílé. Ta ló dúró fún wọn?”

Roheem ní òun ni.

“Ta ni ẹlẹ́rìí?”

Sanmí ló ní, “Èmi.”

Ilẹ̀kùn náà ṣí kí a tó ṣẹ́jú. Olóògbé wà nílẹ̀, apá kan ara wọn ti rọ. Wọ́n wo Muhsinah, ohùn wọn kò já gaara: “Ta ló jẹ́rìí?”

“Ẹ̀gbọ́n yín ni, sà, àti Sanmí.”

Wọ́n mi orí pé ó dára. Wọ́n dákẹ́ nínú mọ́tò kí a tó dé ilé ìwòsàn. Ohun tí dókítà sọ nípa wákàtí tó ti lọ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, a kò ní kọ ọ́ síbí. Àwọn tó bá wa dé ibẹ̀ gbọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ mọ́sálásí ni a bá nínú àpò wọn.

Wọ́n fi sílẹ̀ sáyé lọ: aya wọn, Fàtímọ̀, àwọn ọmọ wọn, Zubaidah, Safwan àti Khàlíl, àwọn ọmọ-ọmọ, tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé ogójì ọjọ́, tí bàbá àgbà kò sì rí i, ẹ̀gbọ́n wọn, Roheem, àti ọmọ iṣẹ́ méjì tí a kà mọ́ ọmọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn onílé ránṣẹ́ sí àwa ẹbí pé kí a bá àwọn bẹ Muhsinah, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ abúlé níṣẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ olè kúrò lórí ọ̀gá òun, ní ojúde mọ́sálásí tí wọ́n ti sọ ọ́, ní etí gbogbo ènìyàn. Ìdáhùn ti àwa ẹbí náà nìyẹn. Títí tí a fi kọ ìwé yìí, kò tíì sẹ́ni tó dìde. Ojúde mọ́sálásí yẹn náà ni ẹ jókòó sí lónìí fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. A ti fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn àdúrà fún ẹni tó bá fẹ́ dìde.

Lìádì, ọmọ Yésúfù, ọmọ Fákọ́ládé, ẹ sinmi. Ilẹ̀kùn tí ẹ dé yìí, Ọlọ́run nìkan ni onílé, Òun náà sì ni ẹlẹ́rìí. Kí Ó ṣí i fún yín láìjẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ níta. Àmín.